Bí Ọmọ Bá Ní Òun Fẹ́ Lọ Ṣe Sójà

Ẹ̀kọ́ fún Kíláàsì Àwọn Òbí

Bíbélì fún Ẹ̀kọ́: Gẹ́nẹ́sísì 42:29 – 43:14
Àfikún: 1 Sámúẹ́lì 17:12-18, Lúùkù 3:14
Ẹsẹ̀ Àkọ́sórí: Gẹ́nẹ́sísì 43:14

Ète Ẹ̀kọ́: Kí àwọn òbí lè mọ bí a ti í gbọ́ ọmọ tó fẹ́ wọ iṣẹ́ ológun, kí wọ́n sì lè dá a lóhùn níwájú Ọlọ́run, kí ó má jẹ́ ìbẹ̀rù tàbí ebi ni yóò dáhùn fún wọn.

ÌFÁÀRÀ

Lọ́dọọdún, nígbà tí èsì ìdánwò WAEC bá ti jáde, ọ̀rọ̀ kan máa ń wọ ilé àwọn ọmọ ìjọ wa ní Surulere, ní Yaba àti ní Mushin. Ọmọkùnrin tó ti pé ọdún méjìdínlógún yóò wọlé lálẹ́, kò ní béèrè oúnjẹ, yóò jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, yóò sì wí pé, "Màámi, ẹ má bínú. Mo fẹ́ lọ ṣe sójà." Nígbà mìíràn ọmọbìnrin ni, nítorí ní ọdún 2011 ni NDA, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀gá ológun ní Kaduna, kọ́kọ́ gba àwọn obìnrin láti kọ́ṣẹ́ ogun pẹ̀lú àwọn ọkùnrin.

Ìdáhùn méjì ló wọ́pọ̀. Ìyá kan yóò figbe ta pé kò ní ṣojú òun. Yóò di ọmú rẹ̀ mú, yóò ní bí ọmọ náà bá gbé ẹsẹ̀ kan kúrò nílé, ọmú tí ó mu ni yóò dá a lẹ́jọ́. Ìyá kejì, tó jẹ owó ilé oṣù mẹ́fà, yóò mí kanlẹ̀, yóò wí pé, "Ọlọ́run ló rán an." Ti àkọ́kọ́ kò gbọ́ ohun tí ọmọ náà wí. Ti èkejì náà kò gbọ́. Ẹ̀kọ́ wa tòní dá lórí bí a ti í gbọ́.

OHUN TÍ ÒFIN WÍ

Ó dára kí olùkọ́ mú èyí kúrò ní ọ̀nà kí àríyànjiyàn tó bẹ̀rẹ̀. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 2003 wí pé a kò gbọdọ̀ gba ọmọdé sí iṣẹ́ ológun, ọmọdé sì ni ẹnikẹ́ni tí kò tí ì pé ọdún 18. Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin tirẹ̀ lórí ẹ̀tọ́ ọmọdé ní 2007. Nínú ìkéde tí àwọn ológun orí ilẹ̀ máa ń ṣe nígbà tí wọ́n bá fẹ́ gba àwọn sójà tuntun, ọjọ́ orí tí wọ́n ń béèrè ni 18 sí 22, títí dé 26 fún àwọn tó ti kọ́ṣẹ́ ọwọ́. Wọ́n tún ń béèrè pé kí ọmọ yege nínú ẹ̀kọ́ mẹ́rin, ó kéré tán, nínú WAEC tàbí NECO. Fọ́ọ̀mù náà, ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tó bá ní kí ẹ mú owó wá kí òun "bá yín sọ̀rọ̀ sí i", olè ni, ì báà wọ aṣọ kakí.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ kan kún un fún àwa òbí. Àwọn kan wà tí wọn yóò mú ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún lọ sí kóòtù láti búra pé ó ti pé méjìdínlógún. Ọmọ náà kò tí ì dé ibi ìdálẹ́kọ̀ọ́ tí òbí rẹ̀ ti kọ́kọ́ kọ́ ọ ní irọ́ pípa pẹ̀lú Bíbélì lọ́wọ́. Ní Ísírẹ́lì àtijọ́, ẹni ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ni a ń kà mọ́ àwọn tó lè lọ sí ogun (Númérì 1:3). Ọlọ́run kò kánjú mú ọmọ wọ ogun. Àwa náà kò gbọdọ̀ kánjú.

Nígbà tí ọmọ bá ti pé ọdún 18, òfin kà á sí àgbàlagbà. Nítorí náà, ẹ̀yin baba tí ẹ ń wí pé, "Láìjẹ́ pé mo fọwọ́ sí i, kò lè lọ," ẹ mọ̀ pé ó lè lọ. Bí ó bá dọ̀bálẹ̀ níwájú yín láti béèrè, kì í ṣe nítorí pé òfin ní kí ó béèrè. Ó ń wá ohun tí ìjọba kò lè fún un. Ẹ má ṣe fi ìbínú lé ọmọ bẹ́ẹ̀ padà.

JÉKỌ́BÙ ÀTI BẸ́ŃJÁMÍNÌ

Ìyàn mú ní ilẹ̀ Kénáánì. Àwọn ọmọ Jékọ́bù ti lọ ra ọkà ní Íjíbítì lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì ti padà láìmú Síméónì bọ̀. Olórí ilẹ̀ náà ti wí fún wọn pé bí wọn kò bá mú àbúrò wọn ìkẹyìn wá, wọn kò ní rí ojú òun mọ́. Wọ́n rò ó fún baba wọn. Kí ni baba wí? Ó ní wọ́n ti sọ òun di ẹni tí kò lọ́mọ. Jósẹ́fù kò sí, Síméónì kò sí, wọ́n sì tún fẹ́ mú Bẹ́ńjámínì lọ. Ó ní ọmọ òun kò ní bá wọn lọ, nítorí bí ibi bá ṣe é lọ́nà, wọn yóò fi ìbànújẹ́ mú ewú orí òun lọ sí isà òkú.

Ẹ má jẹ́ kí a dá Jékọ́bù lẹ́jọ́ kíákíá. Ó ti sin ọmọ kan nínú ọkàn rẹ̀. Ẹni tó ti rí aṣọ ọmọ rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ kì í gbàgbé. Nínú ìjọ wa pẹ̀lú, àwọn ìyá àgbà wà tí ẹ̀gbọ́n wọn lọ sí ogun abẹ́lé (1967 sí 1970) tí kò padà. Nígbà tí ogun náà bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀ wa tó nǹkan bí 10,000. Kí ó tó parí wọ́n ti ju 200,000 lọ. Láti inú ilé àwọn ènìyàn ni a ti rí àwọn yòókù, àwọn ọ̀dọ́ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Nítorí náà, bí ìyá àgbà bá ń sunkún nígbà tí ẹ dá ọ̀rọ̀ sójà sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó sunkún. Ohun tó rí ló ń sunkún lé lórí.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó tẹ̀lé e. Rúbẹ́nì kọ́kọ́ ní òun yóò ṣe onídùúró: bí òun kò bá mú ọmọ náà padà, kí baba pa ọmọkùnrin òun méjèèjì. Irú ìdúró wo nìyí? Ta ni yóò pa ọmọ-ọmọ rẹ̀ kí ó lè fi tu ara rẹ̀ nínú? Jékọ́bù kò tilẹ̀ dá a lóhùn lórí rẹ̀. Báyìí ni àwọn kan ń ṣe lónìí, àwọn àbúrò baba àti àwọn ọ̀rẹ́ ìdílé tó ń wí pé, "Ẹ jẹ́ kí ó máa lọ, èmi ni kí ẹ bi." Bí a bá bi wọ́n lọ́la, kí ni wọn yóò fi dáhùn?

Lẹ́yìn náà Bíbélì wí pé ọkà tán. Ibí yìí ni ọkàn ẹ̀kọ́ wa wà. Jékọ́bù kò yí ọkàn padà nítorí pé ó gbàdúrà, bẹ́ẹ̀ ni kò yí i padà nítorí pé ó jókòó bá Bẹ́ńjámínì sọ̀rọ̀. Oúnjẹ ló tán nílé. Júdà sì sọ òtítọ́ kan fún un tó korò: bí kì í bá ṣe pé a fi falẹ̀ ni, a bá ti lọ, a bá ti bọ̀ lẹ́ẹ̀mejì (43:10). Gbogbo ọjọ́ tí baba fi ń wí pé, "Kò ní lọ," kò fi ọ̀kankan nínú wọn wádìí. Kò béèrè irú ẹni tí olórí Íjíbítì náà jẹ́. Ó kàn di ọmọ mú títí ebi fi tú u lọ́wọ́ rẹ̀.

Báyìí ni ó ń rí ní ilé wa. Ọmọ kọ́kọ́ dá ọ̀rọ̀ sójà sílẹ̀ ní kíláàsì SS2, a fi í ṣe ẹlẹ́yà. Ó tún sọ ọ́ lẹ́yìn WAEC, a ní kí ó dákẹ́, yóò wọ yunifásítì. JAMB kò gbà á ní ọdún àkọ́kọ́, kò gbà á ní ọdún kejì. Ó ń bá bírísópó pò sìmẹ́ǹtì. Lẹ́yìn náà onílé lé ìdílé jáde, ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni baba wá wí pé, "Sójà tí o ń wí nígbà náà ńkọ́?" Ìyá àti baba ní àwọn ti gbà. Irọ́ ni. Onílé ló fọwọ́ sí i. Ìgbà tí ọkà ṣì wà nílé ló yẹ kí a jókòó sọ ọ̀rọ̀ yìí, nígbà tí a ṣì lè wí pé bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ láìsí ẹni tó di wá lọ́rùn mú.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ kí kíláàsì ṣàkíyèsí. Nínú orí méjèèjì yìí, gbogbo ènìyàn ló sọ̀rọ̀ lórí Bẹ́ńjámínì. Baba sọ̀rọ̀, Rúbẹ́nì sọ̀rọ̀, Júdà sọ̀rọ̀. A kò gbọ́ ohùn Bẹ́ńjámínì rárá.

ÀWỌN TÍ KÒ BÉÈRÈ

Àwọn tó ń gba Yaba kọjá mọ bárékè Myohaung. Àwọn tó ń gba Ojúẹlẹ́gba kọjá mọ Abalti. Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé orúkọ àwọn ọ̀gá sójà kan ni. Orúkọ ibi tí àwọn ọmọ ilẹ̀ wa ti jagun fún Gẹ̀ẹ́sì ni. Abalti wà ní ilẹ̀ Ethiopia, níbi tí àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà ti bá àwọn ará Ítálì jà ní 1941. Myohaung wà ní Bọ́má, àwọn ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wà lára àwọn tó gbà á lọ́wọ́ àwọn ará Japan ní January 1945.

Ọ̀kan nínú àwọn tó lọ sí Bọ́má ni Isaac Fadoyebo, ọmọ Èmùré-Ilé nítòsí Ọ̀wọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni nígbà tó lọ forúkọ sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1942. Kò béèrè lọ́wọ́ baba, kò béèrè lọ́wọ́ ìyá. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn tó fara gbọgbẹ́ ni wọ́n fi í sí. Ní March 1944 àwọn ará Japan kọlù wọ́n létí odò Kaladan, ìbọn bà á lẹ́sẹ̀ àti níkùn, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì fi í sílẹ̀ nínú igbó pẹ̀lú David Kargbo, ará Sierra Leone. Oṣù mẹ́sàn-án ni wọ́n fi fara pamọ́ níbẹ̀. Àgbẹ̀ Mùsùlùmí kan tó ń jẹ́ Shuyiman ló ń bọ́ wọn, tó sì gbà wọ́n sínú ilé rẹ̀ níkẹyìn, kí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó rí wọn ní December. Isaac padà wálé pẹ̀lú ẹsẹ̀ tí kò dọ́gba mọ́. Ó kọ ìtàn náà sínú ìwé kan tí a tẹ̀ jáde ní 1999, ó sì kú ní 2012. Ẹ ro ti òbí tó wà ní Èmùré-Ilé ní gbogbo oṣù mẹ́sàn-án yẹn.

Ẹlòmíràn ni Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi bíi tiwa, tó kàwé ní Baptist Boys' High School ní Abẹ́òkúta. Ó ti dàgbà ju Isaac lọ nígbà tó wọ iṣẹ́ ológun ní 1958. Òun náà kò kọ́kọ́ sọ fún àwọn ará ilé rẹ̀, nítorí ó rò pé àwọn òbí rẹ̀ yóò kọ̀.

Ẹnì kan di arọ. Ẹnì kan di olórí orílẹ̀-èdè. A kò lè fi ti ọ̀kan dẹ́rù ba ọmọ, a kò sì lè fi ti èkejì tàn án. Ohun tó so àwọn méjèèjì pọ̀ ni pé wọn kò sọ nílé. Ti Ọbásanjọ́, a mọ ìdí: ó ti mọ ìdáhùn kí ó tó béèrè. Ilé-ìwé ni mo ti ń kọ́ni, mo sì mọ̀ pé àwọn ọmọdékùnrin ọdún ìkẹyìn máa ń sọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe fún olùkọ́ àti fún ara wọn lẹ́yìn kíláàsì. Bí mo bá bi wọ́n pé, "Ṣé bàbá yín mọ̀?" ẹ̀rín ni wọn yóò rín.

KÍ NI ỌMỌ NÁÀ Ń WÁ?

Òbí gbọ́dọ̀ béèrè èyí, kí ó sì dákẹ́ títí ọmọ yóò fi dáhùn. Iṣẹ́ ológun fúnra rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Kọ̀nílíù jẹ́ balógun ọ̀rún kí Pétérù tó dé ilé rẹ̀, a kò sì kà pé Pétérù ní kí ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun bi Jòhánù Onítẹ̀bọmi pé kí ni kí àwọn ṣe, ohun tó kọ̀ fún wọn ni kí wọ́n máa fi agbára gba ohun ènìyàn, kí wọ́n máa fi ẹ̀sùn èké kan ènìyàn, kí owó iṣẹ́ wọn sì tó wọn. Àwọn onígbàgbọ́ kan wà tí ẹ̀rí-ọkàn wọn kò gbà kí wọ́n gbé ìbọn rárá. Ẹ má ṣe jẹ́ kí kíláàsì fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́.

Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wa ní Mushin ti rí ohun mìíràn. Wọ́n ti rí sójà tó fi bẹ́líìtì na awakọ̀ dánfó ní gbangba, tí kò sì sí ẹni tó lè sọ̀rọ̀. Wọ́n ti rí bí àwọn ọmọ ìta ti ń sá fún aṣọ kakí. Ọmọ tí a ti ń fìyà jẹ ní àdúgbò lè fẹ́ aṣọ náà kí ó lè jẹ́ pé òun ni yóò máa na àwọn ẹlòmíràn. Bí ó bá jẹ́ ìdí rẹ̀ nìyí, ọ̀rọ̀ tí Jòhánù sọ kàn án kí ó tó gba fọ́ọ̀mù, òbí rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ wí fún un pé kò tí ì yẹ ẹni tí a ń fún ní ìbọn. Bí ó bá jẹ́ pé ó ń sá fún baba tó ń lu ìyá rẹ̀ lóru, bárékè kọ́ ni a ó kọ́kọ́ gbà á níyànjú lé lórí. Ilé ni a ó lọ. Bí ó bá sì jẹ́ pé ìfẹ́ iṣẹ́ náà wà lọ́kàn rẹ̀ láti kékeré, tó ń jí sáré ní àárọ̀ láìsí ẹni tó rán an, tó lè gba àṣẹ láìráhùn, ẹ fi ọ̀wọ̀ gbọ́ ọ.

Kí ẹ jọ wo ewu náà lójú. Olúwa wa wí nínú Lúùkù 14 nípa ọba tó jókòó ṣírò bóyá òun lè bá ọba kejì jà. Ní àríwá ìlà-oòrùn ilẹ̀ wa, láti ọdún 2009 ni ogun Boko Haram ti bẹ̀rẹ̀. Ní November 2018 a pa ọ̀pọ̀ sójà ní Mẹtẹlẹ ní ìpínlẹ̀ Borno. Kì í sì í ṣe àríwá nìkan: sójà 17 ni a pa ní Okuama ní ìpínlẹ̀ Delta ní March 2024, ọ̀gá wọn wà lára wọn. Ẹ sọ èyí fún ọmọ. Bí ẹ bá lè mú un dé ọ̀dọ̀ sójà onígbàgbọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì, kí ó bi í ní ìbéèrè láìsí yín níbẹ̀, ó dára ju ìwàásù wákàtí méjì lọ.

Ṣùgbọ́n kí òbí má ṣe wí pé bí ọmọ bá jókòó sílé, kò sí ewu. Ní January 27, 2002, nígbà tí àwọn bọ́ǹbù bú gbàù ní bárékè Ikeja, àwọn tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan ló kú. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ àwọn tí kò wọ aṣọ sójà rí, àwọn ìyá àti àwọn ọmọ tó ń sá lọ lóru tí wọ́n kó sínú omi ní Òkè-Àfà. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú kíláàsì lè ní ẹni tiwọn níbẹ̀, nítorí náà kí olùkọ́ sọ ọ́ jẹ́jẹ́.

BÍ A BÁ KỌ̀, BÍ A BÁ GBÀ

Òbí lè kọ̀. Bí ó bá kọ̀, kí ó sọ ìdí, kí ó sì sọ ọ̀nà mìíràn tí òun yóò bá ọmọ náà wá, àti ọjọ́ tí wọn yóò bẹ̀rẹ̀. "Mi ò fẹ́" nìkan kò tó fún ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún. Kí ó má sì fi ọmú búra. Ọmọ tó lọ pẹ̀lú ègún ìyá kò ní lè kọ lẹ́tà sílé nígbà tí ẹ̀rù bá ń bà á, ìgbà yẹn gan-an ni ó sì nílò ìyá.

Òbí lè gbà pẹ̀lú. Ẹ wo bí Jékọ́bù ti gbà nígbà tó gbà. Kò kàn ju ọwọ́ sílẹ̀. Ó ní kí wọ́n mú oyin díẹ̀, òjíá àti èso ilẹ̀ náà lọ. Kí wọ́n mú ìlọ́po owó dání, kí wọ́n sì dá owó tí wọ́n rí lẹ́nu àpò padà, nítorí bóyá àṣìṣe ni. Ó mú ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mọ́ kúrò nínú owó tí kì í ṣe tirẹ̀ kí ó tó rán an lọ. Lẹ́yìn náà ni ó fi í lé Ọlọ́run Olódùmarè lọ́wọ́, ó sì gbà pé òun lè pàdánù rẹ̀. Kò sọ fún Ọlọ́run pé dandan ni kí ó dá ọmọ padà. Àdúrà tó ṣòro ni. Kò sí ìyá tó lè gbà á ní ìrọ̀lẹ́ kan ṣoṣo.

Jésè, baba Dáfídì, kọ́ wa ní èyí tó kù. Àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́ta wà lójú ogun pẹ̀lú Sọ́ọ̀lù. Ó di àgbàdo yíyan àti ìṣù àkàrà, ó fi wàrà kún un fún ọ̀gá wọn, ó ní kí Dáfídì wo bí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ń ṣe, kí ó sì gba àmì bọ̀. Ẹ má sọ pé ìjọba ti gba ọmọ yín. Ẹ máa tẹ̀ ẹ́ láago. Ẹ béèrè bóyá ó ń lọ sí ìsìn, nítorí àwọn pásítọ̀ wà nínú iṣẹ́ ológun fún àwọn ọmọ ìjọ bíi tiwa. Ẹ fi orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àdúrà ìjọ, kí ẹ má sì yọ ọ́ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Ilé ìwòsàn àwọn ọmọ ogun wà ní Yaba níbí. Àwọn tó wà lórí ibùsùn níbẹ̀ jẹ́ ọmọ ẹnì kan, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì ní ará ní Èkó. Kí kíláàsì yìí bá pásítọ̀ sọ̀rọ̀ bóyá a lè gba àṣẹ láti máa lọ kí wọn.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ni Jékọ́bù ì bá ti ṣe ní gbogbo ìgbà tí ọkà ṣì wà nílé?

2. Ìyàtọ̀ wo ló wà láàrin ìdúró Rúbẹ́nì (42:37) àti ti Júdà (43:8-9)? Bí wọ́n bá ní kí o wá ṣe onídùúró fún ọmọ aládùúgbò rẹ tó fẹ́ wọ sójà, kí ni ìwọ yóò kọ́kọ́ wádìí?

3. Bí baba bá gbà tí ìyá kò sì gbà, báwo ni ìdílé onígbàgbọ́ yóò ti ṣe é?

4. Kí olúkúlùkù bi ọmọ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yìí pé, "Kí ni o ń rò láti ṣe tí o kò tí ì lè sọ fún mi?" Ní Ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, kí àwọn tó bá fẹ́ sọ ohun tí wọ́n gbọ́, bí ọmọ náà bá yọ̀ǹda.